“Ká Ní” Kò Jọ “Bóyá”: Gbólóhùn Kan Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Ẹjọ́ Aláre Jẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn àgbà tó pa òwe náà ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ẹni tó gbọ́ ọ sì lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá ti kọ, tí a sì fọwọ́ sí, inú fáìlì ló ń wọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí de ẹni tó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Adó-Èkìtì, tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di olè láìjalè.

Akápò ni ní iléeṣẹ́ kan nílùú náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó ìparí oṣù, ₦180,000 kò sí níbi tó yẹ kí ó wà. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n fún un ní kúẹ̀rì, wọ́n sì ní kí ó fèsì láàárín wákàtí 48. Ó jáde níbi iṣẹ́ pẹ̀lú àyà jíjá, ó gun ọ̀kadà dé oríta Fájuyì, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń bá ènìyàn tẹ ìwé. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò níwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ ẹ́. Kò ka ìwé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó fọwọ́ sí i. Ní ìpínrọ̀ kẹta, gbólóhùn kan wà tó lọ báyìí: “If I took the money, I will refund it.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà pè é wọlé. Obìnrin tó jẹ́ alága gbé ojú sókè láti inú ìwé náà, ó sì bi í pé, “O ní bí o bá mú owó náà, wàá dá a padà. Ìgbà wo gan-an lo fẹ́ dá a padà?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun kò mú owó kankan. Alága fi ìka tọ́ ìpínrọ̀ kẹta: “Ìwé rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ ló sì fi kọ ọ́.” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún un ní ọjọ́ méjì láti wá ṣàlàyé ohun tó kọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò lọ sílé. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Baṣírì ló gbà lọ. Àgbà olùkọ́ ni bàbá yìí, tó fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Èkìtì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó kí i kú alẹ́.

“Dìde, ọmọ mi. Ojú rẹ kò dùn-ún wò. Kí ló dé?”

Ó fa ẹ̀dà ìwé náà jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Bàbá kà á dé ìpínrọ̀ kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

“Fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ nígbà tí ò ń kọ ọ́, sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá.”

“Bàbá, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé n kò mú owó náà. Ká ní mo mú un ni, ǹ bá ti dá a padà kí wọ́n tó ṣírò, nítorí pé gbogbo wa la mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣírò owó.”

“Ẹ ò wa rí nǹkan! Yorùbá rẹ dá ọ láre, Gẹ̀ẹ́sì rẹ dá ọ lẹ́bi. ‘Ká ní’ lo sọ fún èmi, ‘bóyá’ lo kọ ránṣẹ́ sí wọn.”

Ohun tí bàbá náà rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ìjọba, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ìwáṣẹ́ kì í rí. Gbólóhùn tó bá ní “if” nínú kì í ṣe oríṣi kan. Ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jìnnà sí òtítọ́ tó, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sì fi ń sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ “took” ní apá kan tó sì kọ “will” ní apá kejì, ńṣe ló ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá kà á yóò lóye pé ó ṣeé ṣe kí ó ti mú owó náà, àti pé ìlérí pé yóò san án ló ń ṣe. Ẹjọ́ kọ́ ni alága ìgbìmọ̀ wá kiri. Ohun tó wà nínú ìwé ló kà.

Yorùbá kì í ṣe èdè tí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún. Nínú kíláàsì Yorùbá, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n ń pè ní gbólóhùn kání. “Bí” àti “tí” wà níbẹ̀, “bá” wà níbẹ̀, “ká ní” wà níbẹ̀, “ì bá” náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ ti mọ ìyàtọ̀ láàárín “bí mo bá jẹun, màá yó” àti “ǹ bá jẹun, ǹ bá ti yó.” Kò sí ẹni tó nà án kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbé ọgbọ́n yìí kọjá sínú èdè mìíràn tí kò sì sí ẹni tó fi ọ̀nà hàn án.

Bàbá mú bírò, ó sì kọ oríṣi mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Àkọ́kọ́ ni ohun tó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: “If a cheque is not signed, the bank returns it.” Bí wọn kò bá fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì, báǹkì a máa dá a padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìgbà ìsinsìnyí ló wà ní apá méjèèjì, nítorí pé òfin ni, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀.

Èkejì ni ohun tó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú: “If the auditor comes tomorrow, we will open the books.” Bí ayẹ̀wé-owó-wò bá dé lọ́la, a óò ṣí ìwé owó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ “If the auditor will come.” Bí wọ́n bá fetí sí Yorùbá tiwọn, wọn kò ní kọ ọ́, nítorí pé “óò” kan ṣoṣo ló wà nínú gbólóhùn Yorùbá yẹn, apá kejì ló sì wà. Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá fi kún un pé “will” lè tẹ̀lé “if” bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá kọ “if you will kindly sign here”, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ nìyẹn ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ iwájú.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lónìí: “If I were the chairman, I would ask for the bank’s own record.” Ká ní èmi ni alága, ǹ bá béèrè fún àkọsílẹ̀ báǹkì fúnra rẹ̀. Ibí ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń dá ènìyàn láàmú, nítorí pé kò ní “ká ní”. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yá aṣọ àná wọ̀ fún ọ̀rọ̀ òní, kí ó lè hàn pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí òtítọ́. Ìrísí ohun tó ti kọjá ló lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ti kọjá ló ń sọ. Nínú ìwé tó bá sì níyì, “were” ni a ń lò fún “I”, fún “he” àti fún “she” nínú irú gbólóhùn yìí, kì í ṣe “was”.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí kò sì lè ṣẹlẹ̀ mọ́, nítorí pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá: “If I had taken the money, I would have returned it before the count.” Èyí gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní lọ́kàn. Ibẹ̀ náà ni pàkúté kan wà fún ọmọ Yorùbá. Ní èdè tiwa, “ì bá” lè wà ní apá méjèèjì: ǹ bá mú un, ǹ bá ti dá a padà. Ẹni tó bá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ “If I would have taken the money, I would have returned it.” Ètí Yorùbá gbà á, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ìwé kò gbà á. “Had” ni apá tó ní “if” ń béèrè. Apá kejì nìkan ló ni “would have”.

Síbẹ̀, èdè méjèèjì tún pàdé níbì kan. Yorùbá lè ju “bí” nù kí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ǹ bá mọ̀” tààrà. Gẹ̀ẹ́sì náà lè ju “if” nù kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Had I known”. Láti inú “à bá mọ̀” ni Yorùbá ti fa ọ̀rọ̀-orúkọ kan yọ, èyíinì ni àbámọ̀, tí àwọn àgbà ní òun ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Èdè tó sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ di orúkọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ohun tí kání jẹ́.

Pàkúté mìíràn wà tí bàbá fi ìlà pupa sí nínú ìwé náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ “Except the panel calls me, I will remain at my desk.” Yorùbá ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. “Àyàfi” àti “àfi” ń ṣe iṣẹ́ méjì fún wa: a ń sọ pé gbogbo wọn ló wá àfi Òjó, a sì tún ń sọ pé n kò ní lọ àfi bí wọ́n bá pè mí. Gẹ̀ẹ́sì òde òní pín iṣẹ́ náà fún ọ̀rọ̀ méjì. “Except” ni ti Òjó. “Unless” ni ti ìpè. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní 1611 lo “except” fún méjèèjì, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn tó ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí. Nínú ìwé iléeṣẹ́ lónìí, “unless” ló yẹ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, bàbá nawọ́ sí ọ̀nà tí ọmọ náà gbà wá. “Oríta tí o ti lọ tẹ ìwé yìí, orúkọ ta ni wọ́n fi pè é?”

“Fájuyì ni, sà.”

“Ó dára. Jẹ́ kí Fájuyì kọ́ ọ.”

Ọmọ Adó-Èkìtì ni Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, tí wọ́n bí ní 1926. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, ó di gómìnà ológun fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún náà, àwọn ológun tó dìtẹ̀ pa á pẹ̀lú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè, tó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìtàn tí àwọn ará Èkìtì ń sọ fún ọmọ wọn ni pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kọ gbólóhùn kan: “If Fajuyi had abandoned his guest, he might have lived.” Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ òmíràn: “If Fajuyi abandoned his guest, he was a coward.”

Ó ní kí ọmọ náà ka méjèèjì sókè. Gbólóhùn àkọ́kọ́ bọlá fún ọkùnrin náà, nítorí pé “had” ti jẹ́rìí pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn kejì fi ìwà rẹ̀ sínú iyèméjì, bí ẹni pé ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ọkùnrin kan náà ni, ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kan sọ ẹni iyì di afurasí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́. Ó ti rí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí orúkọ ara rẹ̀.

Kì í ṣe ní Èkìtì nìkan ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti ń gbé ẹrù ńlá. Abala Kìn-ín-ní, ìlà kẹta ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé bí òfin mìíràn bá tako ìwé òfin náà, ìwé òfin náà ni yóò borí, òfin kejì yóò sì di òfo dé ibi tó ti takò ó. “Is” ni wọ́n lò ní apá tó ní “if”, “shall” sì wà ní apá kejì. Agbára gbogbo ilé ẹjọ́ láti fagi lé òfin tí kò tọ́ rọ̀ mọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Plutarch náà kọ ọ́ pé nígbà tí Ọba Philip ti Masidóníà ránṣẹ́ halẹ̀ mọ́ àwọn ará Sparta nílẹ̀ Gíríìsì pé bí òun bá fi wọ ilẹ̀ wọn, òun yóò pa wọ́n run, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá a lóhùn: “Bí.” Wọ́n mọ̀ pé inú “bí” náà ni gbogbo ìhàlẹ̀ ọba wà.

Kí bàbá tó jẹ́ kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun, ó fún un ní ìmọ̀ràn tó ju gírámà lọ. “Ẹni tí kò jalè kò gbọ́dọ̀ fi ‘bí’ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kọ́kọ́ sọ òtítọ́ rẹ gbọnrangandan. Lẹ́yìn náà, kí ‘bí’ wá tẹ̀lé e bí ẹlẹ́rìí. Má sì gbàgbé kọ́mà: bí apá tó ní ‘if’ bá ṣáájú, fi kọ́mà sí ìparí rẹ̀, bí ó bá gbẹ̀yìn, kò nílò kọ́mà.”

Ìwé tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú lọ ní Ọjọ́bọ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ pé: “I did not take the money. If I had taken it, I would have returned it before the count. If the panel examines the bank’s record, it will find every deposit I made. Unless that record shows otherwise, I ask that the query be withdrawn.” Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Èkejì ti ìlẹ̀kùn pa, ẹ̀kẹta ṣí òmíràn sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀, ẹ̀kẹrin sì fi ohun tó ń béèrè hàn láìhalẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ gba ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà wọlé. Wọ́n béèrè fún àkọsílẹ̀ báǹkì, wọ́n sì rí i pé owó náà ti wọ báǹkì lọ́jọ́ tó yẹ, ṣùgbọ́n inú àpò owó mìíràn tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan náà ló lọ, nítorí nọ́ńbà kan tí wọ́n ṣì kọ. Wọ́n fagi lé kúẹ̀rì náà.

Ìbéèrè kan ṣì kù tó kan gbogbo ìlú. Ṣé ó tọ́ kí ẹ̀bi tàbí àre ènìyàn rọ̀ mọ́ bí ó ṣe mọ Gẹ̀ẹ́sì tó, ní ìlú tí akápò, alága ìgbìmọ̀ àti ọmọbìnrin atẹ̀wé ti ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Abala 97 ìwé òfin náà fàyè gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ wọn, bí ilé bá fọwọ́ sí i. Bí àwọn aṣòfin bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún ìgbìmọ̀ kékeré láti bi òṣìṣẹ́ kan pé, “Kí ni ohun tó o ní lọ́kàn? Sọ ọ́ ní Yorùbá.” Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá bi ọmọ náà nìyẹn, òun náà ló sì tú ọ̀rọ̀ ká.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni iléeṣẹ́ ṣì ń lò, kíkọ́ rẹ̀ dáadáa kì í ṣe ìtẹríba fún òyìnbó; ààbò ni. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣì wúlò: nínú ilé-ẹ̀kọ́ girama púpọ̀, olùkọ́ Yorùbá ń kọ́ gbólóhùn kání nínú kíláàsì kan, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ ohun kan náà ní kíláàsì kejì, ògiri kan ṣoṣo ló sì là wọ́n láàárín. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀ fún wákàtí kan, tí wọ́n gbé “ì bá” sẹ́gbẹ̀ẹ́ “would have” níwájú àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ ìwé tó ń pa ẹni tó kọ ọ́ lára ni a kò ní kọ.

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ tí wọ́n rán wa. Ọgbọ́n tí ìyá wa fi kọ́ wa lọ́rọ̀ la ó fi jẹ́ ẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé méjèèjì tó kọ wà nínú fáìlì rẹ̀, ọ̀kan lórí ìkejì. Láti ọjọ́ náà, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ó máa ń kọ́kọ́ kà á fún ara rẹ̀ ní Yorùbá.